Ìlà Tó Kẹ́yìn Nínú Kọ̀ǹpútà Azeezat

Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Èmi Sájẹ́ǹtì Rájí ni mo kọ́kọ́ rí i, èmi náà ni mo sì ń pariwo rẹ̀ kiri àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ìlaròó bí ẹni tó rí owó he. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹjọ́ tó rọrùn tó báyìí kò sì tíì bọ́ sí mi lọ́wọ́ rí. Inú mi dùn. Ìdùnnú yẹn ń tì mí lójú títí dòní.

Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká Azeezat Abọ́dúnrìn ni mo ti rí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Azeezat, ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní pólì, ó sì ti kú. Bàbá rẹ̀ ní òun bá òkú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nílé wọn ní Òkè-Ọ̀dàn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àsímà ló pa á, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bá àìsàn náà fà á. Ọsibítù fún un ní ike kan tó dà bíi fèrè, tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí lójoojúmọ́, ike náà yóò sì fi iye hàn án. Tí iye náà bá lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ara yá. Tó bá wálẹ̀ dé àádọ́jọ, kó sáré wá sọ́sibítù. Dókítà ní kó máa kọ iye náà sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó wà láyìíká rẹ̀ lásìkò náà, ìbáà ṣe eruku, ìbáà ṣe èéfín.

Ẹlòmíì ì bá kọ ọ́ sínú ìwé. Azeezat ń kọ ọ́ sínú fèrèsé dúdú kan báyìí lójú kọ̀ǹpútà. Òun á tẹ iye àti ọ̀rọ̀ díẹ̀, fèrèsé náà á sì fúnra rẹ̀ fi aago síwájú ìlà. Ìlà mẹ́ta ló wà fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

13:40 340 ara yá
14:03 210 eruku láfún
14:09 150 eruku pọ̀

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ẹnì kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé lásìkò náà. Olúwakóredé lorúkọ rẹ̀, wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ra. Obìnrin aládùúgbò wọn kan tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rí i tó sáré jáde ní géètì ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí a tú báàgì rẹ̀, a bá ínhélà méjì níbẹ̀, oògùn tí alásímà ń fín sí ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀kan ti tán, wọ́n fi bírò kọ orúkọ Azeezat sí i lára. Èkejì ṣì wà nínú páálí, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Bàbá Azeezat sì sọ fún wa pé ọmọ òun ti ní òun ò fẹ́ ọmọkùnrin náà mọ́. Kí ni mo tún ń wá? Ọmọ ń jà fún èémí, ẹni tó kọ̀ sílẹ̀ kó oògùn rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé la máa gbé Kóredé dé ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí.

Insipẹ́kítọ̀ Oyèrónkẹ́ Akínladé wo ìlà mẹ́ta náà pẹ́. Ọ̀gá mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ. Obìnrin tín-ínrín ni, kì í gbóhùn sókè, kì í sì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ìwà yẹn a máa bí mi nínú gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n Rájí," ló wí, "ta ló ń lọ láfún ní aago méjì ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ọ̀gá, ṣé ọ̀rọ̀ láfún ló kàn báyìí?"

"Òun ló kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe èmi."

*

A mú Kóredé jáde láhámọ́, a fún un ní àga. Kò tíì jẹun gidi láti ọjọ́ tí mo ti mú un. Irùngbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ti hù lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wọnú.

"Kí lo lọ ṣe nílé wọn?" Ọ̀gá béèrè.

"Mo lọ wò ó ni, mà. Bàbá rẹ̀ ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti Sátidé nítorí tèmi, mi ò lè pè é."

"Kí lẹ ṣe?"

"Ó ro láfún, a jọ jẹun. Nígbà tó yá, iná lọ. Ó ní kí òun fín oògùn òun díẹ̀ kí oorun tó mú òun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ló bá ní kí n bá òun wá òmíràn."

"Ṣé èémí rẹ̀ ti ń há nígbà yẹn?"

"Rárá, mà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ebè dé. Ara rẹ̀ yá, mà."

"Kí ló dé tí o fi mú èyí tó ti tán dání?"

"Kí n lè fi han alóògùn ni. Téèyàn ò bá mú òfìfo rẹ̀ dání, nǹkan mìíràn ni wọ́n máa gbé fúnni."

Mo fẹ́ yọ ṣùtì sí i, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èmi náà gbé ìgò òfìfo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù alóògùn. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"O wá rí i rà?"

"Kò sí ní Òkè-Ọ̀dàn. Mo gun ọ̀kadà wá sí Ìlaròó níbí, lọ́dọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Àṣìkẹ́. Nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo padà débẹ̀. Mo bá àgádágodo lẹ́nu géètì, níta. Mo ní wọ́n ti jáde nìyẹn. Mo yáa lọ sílé kí bàbá rẹ̀ má baà bá mi níbẹ̀."

"O ò kan ilẹ̀kùn?"

"Àgádágodo wà níta, mà. Ta ni mo fẹ́ máa kan ilẹ̀kùn fún?"

"Irọ́!" Èmi nìyẹn. "Bàbá Abọ́dúnrìn ti sọ fún wa pé àwọn kì í ti géètì yẹn lọ́sàn-án. O gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó kú, o tún wá ń pa àlọ́ fún wa!"

Ó wò mí lásán, kò tiẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an sì mú mi bínú sí i.

*

Ìyá Àṣìkẹ́ alóògùn rántí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ọmọkùnrin tó mú èyí tó ti tán dání yẹn? Aago mẹ́ta ti lù nígbà tó dé. Kò jẹ́ kí n sinmi, ó ní kí n ṣe kíá, kí n ṣe kíá."

Bí a ṣe padà sínú ọkọ̀ ni mo ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Ó gbé e sílẹ̀ nínú ìnira, ọkàn rẹ̀ wá ń dá a lẹ́bi."

"Ó ṣeé ṣe," ló wí. Ó wa ọkọ̀ wa dé Òkè-Ọ̀dàn.

Ògiri kan ló pín ilé Bàbá Abọ́dúnrìn àti ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀ onílọ̀. Ata, àgbàdo, èlùbọ́, láfún, òun ló ń bá gbogbo àdúgbò lọ̀ wọ́n. Eruku funfun bo àjà, ó bo ògiri, ó sì bo ìpéǹpéjú Báyọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" Ó họ orí. "Iná lọ nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjì lù. Kò padà dé títí di aago márùn-ún. Àpò láfún mẹ́rin ló ń dúró dè mí nílẹ̀."

"O ò tan jẹnẹrétọ̀?"

"Ta ló lówó epo, mà? Iná NEPA nìkan lẹ̀rọ mi ń lò."

"Ta ló tún ní ẹ̀rọ ìlọ̀ ní àdúgbò yìí?"

"Èmi nìkan ni. Wọ́n á dé ìsàlẹ̀ ọjà kí wọ́n tó rí òmíràn."

"Nígbà tí iná wá dé ní aago márùn-ún ńkọ́?"

"Háà, kíá ni mo tan ẹ̀rọ. Tó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá ń pa èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè gbọ́." Ó rántí ibi tí a wà, ó yára bo ẹnu. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ dáadáa ni Azeezat."

Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, mo ń rò ó. Kò sẹ́ni tó ń lọ láfún ní aago méjì. Azeezat sì ti kọ ọ́ pé eruku láfún pọ̀ ní aago méjì. "Bóyá ó ṣàṣìkọ ni," mo wí.

"Ẹni tí èémí ń há kì í purọ́ nípa ohun tó ń há a," Ọ̀gá dáhùn. "Bóyá òun kọ́ ló kọ ọ́. Bóyá ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, láti fi kó bá Kóredé."

*

Bàbá Abọ́dúnrìn jókòó ní pálọ̀, Kùránì wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà kan, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ Mẹ̀dínátù ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn. Azeezat nìkan ló bí fún un, bàbá náà nìkan ló sì ń tọ́ ọmọ náà láti ìgbà náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú," Ọ̀gá wí, ó kúnlẹ̀. "A ò ní pẹ́. Ìgbà wo lẹ kúrò nílé lọ́jọ́ náà?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀. A ní ìpàdé àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ibẹ̀ mo gba oko lọ. Aago mẹ́fà ni mo wọlé." Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ẹ kì í ti géètì níta?"

"A kì í tì í."

"Kóredé sọ pé òun bá àgádágodo níbẹ̀."

Ìgbà náà ni ìbínú gbé e dìde. "Ẹ fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹni yẹn gbọ́? Nínú ilé mi! Ó jókòó sórí àga mi! Àwo méjì lórí tábìlì mi, ọbẹ̀ ṣì wà nínú wọn, ìgò mínírà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ó jẹ oúnjẹ mi yó tán, ó pa ọmọ mi!"

Mo dì í mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Ìgbà tí a jáde síta ni Ọ̀gá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ ilé yìí."

Mo tú ìwé mi, mo kà á. Òkú lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ẹrùpẹ̀ pupa lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, wáyà rẹ̀ wà lára iná. Àwo méjì nínú ilé ìdáná, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n dojú wọn délẹ̀ nínú agbọ̀n.

"Ẹ ṣeun," Ọ̀gá wí. Ó wo géètì náà lókè nílẹ̀, ó wo ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́nu rẹ̀ nínú, ó sì wọ ọkọ̀. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

*

Ní àárọ̀ Sátidé a pe Toheebat wá sí àgọ́. Ọ̀rẹ́ Azeezat ni ní pólì, yàtọ̀ sí Kóredé, òun nìkan la gbọ́ pé ó tún mọ fèrèsé dúdú náà lò ní gbogbo Òkè-Ọ̀dàn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kọ irọ́ síbẹ̀, ta ni ì bá tún ṣe é? Mo ti gbójú le.

"Kí ni fèrèsé yìí gan-an?" Ọ̀gá béèrè, ó gbé kọ̀ǹpútà Azeezat síwájú rẹ̀.

"Linux ni, mà." Toheebat dáhùn. "Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ Linux ni olùkọ́ wa fẹ́ ká máa lò, èyí tí èèyàn ń tẹ àṣẹ fún, tí kò ní àwòrán. Apá wa ò ká kọ̀ǹpútà méjì. A ò sì lè yọ Windows kúrò, torí òun la fi ń ṣe iṣẹ́ yòókù. La bá kúkú gbé Linux sínú Windows."

"Ṣé wọ́n wá di ọ̀kan náà ni?"

"Rárá, mà. Bí ayálégbé ló ṣe rí. Ilé Windows ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó ní yàrá tirẹ̀, ẹrù tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀."

"Ìwọ lo kọ ìlà mẹ́ta yìí síbẹ̀!" mo já lù ú.

Toheebat bú sẹ́kún. "Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà, sà! Jóga ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní àṣẹ kékeré tó ń fi aago síwájú ìlà, ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Ó dùn mọ́ ọn débi pé kì í fi ìwé kọ nǹkan mọ́."

Ọ̀gá na aṣọ ìnujú sí i. "Fi hàn mí bó ṣe ń ṣe é."

Ọmọ náà nu ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan jáde: 10:42, ìdánwò. Mo wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú méjìlélógójì kọjá aago mẹ́wàá. "Aago rẹ̀ pé," mo wí, "kò yẹ̀."

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni iná lọ. Fáànù tó wà lókè rọra dúró. Láìwo ibẹ̀ rárá, Toheebat na ọwọ́, ó pa ìdérí kọ̀ǹpútà náà dé.

"Kí lo ṣe yẹn?" Ọ̀gá béèrè.

"Kí ni, mà?"

"Ìdérí yẹn."

"Áà. Iná ló lọ. Bátìrì rẹ̀ ò gbé ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tí iná bá ti lọ, a máa ń pa á dé kíá kó lè sùn. Tí a bá pa á pátápátá, títàn rẹ̀ á tún gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

"Azeezat náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa ni, mà. Kò sẹ́ni tó tún ń rò ó kó tó ṣe é."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ìdérí náà. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. A máa dúró de iná."

A dúró. Ooru mú, inú ń bí mi. Mo ra búrẹ́dì, mo jẹ ẹ́ tán. Mo lọ fọ ọwọ́, mo padà. Toheebat sun díẹ̀ lórí àga. Ọ̀gá kò kúrò lójú kan. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn hó yèè lójú títì, fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀gá ṣí ìdérí náà fúnra rẹ̀. Aago tó wà nígun Windows ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ti ara ògiri náà sọ bẹ́ẹ̀.

"Tún ìdánwò yẹn tẹ̀."

Toheebat tẹ̀ ẹ́. Ìlà tuntun jáde: 10:46, ìdánwò.

Toheebat fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Windows tún aago tirẹ̀ ṣe nígbà tó jí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Linux ò mọ̀ pé òun sùn. Wọ́n ní èyí tó jáde tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n dátà wa ò tó láti fà á wálẹ̀."

"Ṣé ibì kan wà tí Windows ń kọ ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí sí?"

Ó wá a, ó rí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ó sùn ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó jí ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjì.

"Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́fà," Ọ̀gá wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kún aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án."

Mo fi kún un. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iná dé, Azeezat ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Báyọ̀ tan ẹ̀rọ, eruku láfún dé. Ní gbogbo àkókò yẹn Kóredé ti kúrò níbẹ̀ láti wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Mo rántí bí mo ṣe wọ́ ọmọ náà jáde nílé ìyá rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Wọ́n máa ní kó máa lọ sílé nìyẹn," mo wí.

"Ó ku ìbéèrè kan." Ọ̀gá kò dà bí ẹni tó ṣẹ́gun rárá, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Bàbá Abọ́dúnrìn wọlé ní aago mẹ́fà. Nígbà tí ẹ débẹ̀, wọ́n ti fọ àwo méjì yẹn, wọ́n ti tò wọ́n. Ìgbà wo ló wá rí ọbẹ̀ nínú wọn?"

*

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ni a bá a. Ọ̀gá kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Ó sọ ti aago, ó sọ ti iná, ó sọ ti àwo, ó sì sọ ti ẹrùpẹ̀ orúnkún. Bàbá náà fetí sílẹ̀ bí tíṣà tó ń gbọ́ ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ìpàdé tètè tú," ló wí níkẹyìn. "Aago mẹ́ta ò tíì lù nígbà tí mo yà sílé. Mo bá àwo méjì. Mo mọ ẹni tó wá. Inú bí mi, ẹ ò lè mọ bó ṣe bí mi tó. Azeezat ń fọ àwo, ó ń sunkún. Ó ní oògùn òun ti tán, pé Kóredé ti lọ ra á, pé ó máa gbé e padà wá."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní irọ́ ni. Mo ní ó fẹ́ fi ọgbọ́n mú un wọlé padà ni." Ó nu imú pẹ̀lú etí agbádá. "Mo ti géètì níta kí ọmọkùnrin náà lè rò pé kò sẹ́nì kankan nílé. Mo gba oko lọ."

"Nígbà tí ẹ dé ńkọ́, bàbá?"

"Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi orí ti géètì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin. Mo gbé e wọlé. Mo nu ojú rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó kí n tó ké sí aládùúgbò." Ẹkún gbé ohùn rẹ̀ lọ. "Ó ní láti jẹ́ pé ó pè. Ó ní láti jẹ́ pé ó pariwo. Ẹ̀rọ yẹn ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́."

Ojú mi ṣókùnkùn fún ìbínú. "Ẹ mọ̀ pé ó wà láàyè nígbà tí ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ wá jẹ́ kí n lọ mú ọmọ ọlọ́mọ! Ọjọ́ Ajé ni wọn ì bá gbé e lọ sílé ẹjọ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà!"

Ó gbé ojú sókè wò mí. "Sájẹ́ǹtì, tí kì í bá ṣe òun, èmi ni mo pa á."

Ìbínú mi kú síbẹ̀. Nígbà tí a mú un wọ ọkọ̀, mo di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, n kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀gá jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀ títí a fi dé Ìlaròó, omi ń bọ́ lójú òun náà, kò sì nù ún.

*

Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ṣí àhámọ́ fún Kóredé fúnra mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ sẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi, lórí sìmẹ́ǹtì. Ó sáré gbé mi dìde. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ṣàlàyé fún un. Kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó ní aago tí a kà ti yẹ̀, pé aago márùn-ún ti kọjá nígbà tí ìnira náà bẹ̀rẹ̀, pé bàbá Azeezat ló ti géètì, pé kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ti wà níta, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè.

Inú ọmọ náà kò dùn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn àhámọ́, ó ń ṣírò nǹkan lọ́kàn. Mo rí i tí ó ń ṣírò rẹ̀, mo sì fẹ́ kó má parí rẹ̀.

"Aago márùn-ún kọjá," ló wí. "Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo débẹ̀, mà. Ṣé ó wà nínú ilé nígbà náà?"

Ọ̀gá ì bá purọ́ fún un. Ká ní èmi ni, ǹ bá purọ́. "Ó wà níbẹ̀, Kóredé."

"Ara rẹ̀ yá?"

"Ara rẹ̀ yá."

"Oògùn náà sì wà lọ́wọ́ mi."

Ó yí padà, ó wọ inú àhámọ́ lọ, ó jókòó sílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Mo tẹ̀ lé e wọlé. Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ ń dúró dè ọ́ níta. Dìde, ká máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí."